Kíláàsì tí mo mú torí àsìkò lásán

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, èmi ò wá ethnic studies lọ o. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́. Mo lọ bá counselor ní community college, iléèwé ọlọ́dún méjì, tí mò ń lọ ní Kalifóníà níbí pé mo fẹ́ transfer lọ Cal State, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà, màmá yẹn wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní mi ò tíì ṣe ethnic studies. Kí ni yẹn tún jẹ́? Ó ní ẹ̀kọ́ nípa ìtàn àti ìgbé ayé àwọn dúdú, Látínò, ará Éṣíà àtàwọn Native American, ìyẹn àwọn onílẹ̀, ní Amẹ́ríkà ni. Ó ní òfin ni, 2020 ni gómìnà fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa gboyè ní Cal State láìṣe unit mẹ́ta ẹ̀.

Inú bí mi. 46 dọ́là ni unit kan fún àwa tá à ń gbé ibí, 138 dọ́là nìyẹn, iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe. Kíláàsì àwọn dúdú ni màmá yẹn ti fẹ́ tẹ̀ fún mi, àmọ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, ìgbà yẹn gan-an ni mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ti àwọn ará Éṣíà ló bọ́ sí aago méjì ọ̀sán. Bí mo ṣe di ọmọ kíláàsì Asian American studies nìyẹn, èmi tórúkọ mi gùn jù nínú rẹ́jísítà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sọ fún wa pé ìjà ni wọ́n fi gba kọ́ọ̀sì yìí. Novẹ́ńbà 1968 ní San Francisco State, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú, Látínò, ará Éṣíà kóra wọn jọ, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ títí di Máàṣì 1969. Àwa tá a mọ ASUU, lẹ́kúrà la mọ̀ sí ìdaṣẹ́sílẹ̀, a ò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó torí pé ó fẹ́ kíláàsì sí i daṣẹ́ sílẹ̀ rí.

Àmọ́ ibi tó dá oorun mọ́ mi lójú ni ọ̀rọ̀ ta ló lè di ọmọ Amẹ́ríkà. Òfin 1790 ní nínú àwọn àjèjì, aláwọ̀ funfun tó lómìnira nìkan ni. Ní 1870 wọ́n wá fi ẹni tí wọ́n bí ní Áfíríkà àtàwọn ìran Áfíríkà kún un. Èmi nìyẹn o! Àwọn ará Éṣíà wá há sáàárín, wọn ò ṣe funfun, wọn ò ṣe dúdú. Takao Ozawa, tí wọ́n bí ní Japan, tó kàwé ní Berkeley, gbé e dé Supreme Court, ní 1922 wọ́n ní rárá, Caucasian, ìran kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìgbà yẹn pín èèyàn sí, là ń pè ní funfun, ìwọ kì í ṣe Caucasian. Ó dáa. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n dájọ́ Bhagat Singh Thind, ọmọ Punjab ní Íńdíà tó ti ṣe sójà fún Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Tiẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣáà ń pe àwọn èèyàn òun ní Caucasian, kí ló wá kù? Adájọ́ tó kọ ti Ozawa náà ló kọ tiẹ̀, ó ní ká fi ti sáyẹ́ǹsì sílẹ̀, ẹni tí ará ìta lásán bá ń pè ní funfun ni funfun. Mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo "ojóró!" nínú kíláàsì, gbogbo wọn sì yíjú wò mí.

Bàbá àgbà kan tó ń jókòó tì mí, ọmọ Fílípìnì, ó kàn rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá bàbá òun gé asparagus títí ní Stockton, 1946 ni òfin tó gba irú wọn láàyè láti di ọmọ Amẹ́ríkà dé. Mi ò rí nǹkan kan fèsì. Fọ́ọ̀mù N-400 tèmi, èyí tí wọ́n fi ń tọrọ láti di ọmọ Amẹ́ríkà, ti wà nínú dúrọ́ọ̀ látọjọ́ yìí, ọ̀lẹ ni ò jẹ́ n kún un.

Mo pàdà lọ bá counselor yẹn pé kó fi ti àwọn Native American kún sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀ fún mi. Ó ní o ò nílò ẹ̀ mọ́ o, 138 dọ́là ni. Mo ní mo mọ̀ mà, aago mélòó ni wọ́n ń ṣe é?