Àkàrà àti omi lójú ọ̀nà Ìjàgbó

Ẹ bá mi yin Olúwa! Èsì àyẹ̀wò kẹta jáde lánàá. Dókítà wo ìwé náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Mádàámù, kídìnrín yín méjèèjì ti padà sípò. Ẹ lọ máa sáré yín, ṣùgbọ́n ẹ máa mu omi." Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá ara mi nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé kí ló dé tí ẹ ò rí àwòrán eré mi mọ́ láti oṣù Ẹrẹ́nà, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, tí ẹ gbàdúrà, tí ẹ sì pa ẹnu mọ́, Ọlọ́run á bo àṣírí tiyín náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ káàkiri Owódé pé mo ti kú, mo wà láàyè o.

Lọ́dún 2025, ààwẹ̀ tiwa àti ti àwọn Mùsùlùmí wọnú ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà, àwa bẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì ní ọjọ́ 5. Ní Ọ̀fà níbí, agbo ilé wo ni kò ní Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nínú? Gbogbo ìlú ló ń gbààwẹ̀. Èmi wá ní Lẹ́ńtì lásán ò tó mi, ààwẹ̀ Ẹ́sítérì ni màá gbà, ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu, mi ò sì ní dá eré dúró. Mo fẹ́ kí Ọlọ́run rí i pé ọmọ òun lágbára. Kí n má purọ́ fún yín, mo fẹ́ kí àwọn èèyàn kan náà rí i.

Ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo gba ọ̀nà Ìjàgbó. Ẹ mọ bí ooru Ẹrẹ́nà ṣe ń rí ní Kwara, nígbà tí ọ̀dà títì ń tú ooru sókè bí ẹnu ààrò. Ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ fúyẹ́. Nígbà tó yá, òógùn tó ń ṣàn lára mi gbẹ, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi, irun ara mi dìde gan-an nínú oòrùn. Mo ní Ẹ̀mí ti bà lé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè àjèjì gbàdúrà, mo sì tún ki eré mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí òtútù bá mú yín nínú oòrùn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ara ló ń ké yẹn.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣubú. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mò ń sọ. Wọ́n ní èèyàn pé lé mi lórí, àwọn kan ní wárápá ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí. Ẹnìkan gbé fóònù jáde, ó ń ká mi sílẹ̀. (Ìwọ tí o ṣe é, mo ti rí fídíò náà. Mo ti dárí jì ọ́, ṣùgbọ́n pa á rẹ́.)

Ìyá alákàrà kan wà níbẹ̀ tó máa ń dín àkàrà ìṣínu ní ìrọ̀lẹ́. Òun náà wà lẹ́nu ààwẹ̀, omi ò tíì kan ọ̀fun rẹ̀ láti ìdájí tó ti jẹ sààrì. Ó fi epo tó ń hó lórí iná sílẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó figbe ta: "Iná ni ara ọmọ yìí! Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòji!" Ó tú bàtà mi, ó bọ́ aṣọ òkè lára mi, ó sì fi ìborùn tirẹ̀ bo àyà mi kí ojú àwọn ọkùnrin má baà débẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí kúlà omi tútù tó fẹ́ tà fún àwọn tó fẹ́ ṣínu, ó ń dà á sí mi lọ́rùn, lábíyá, nítan, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fi páálí fẹ́ mi. Ẹnìkan fẹ́ rọ omi sí mi lẹ́nu, ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní ẹni tí kò mọ ibi tó wà ò ṣeé fún lómi mu, á gba ọ̀nà èémí lọ. Gbogbo omi tó yẹ kó tà lọ́jọ́ náà ló tán sí mi lára. Àkàrà rẹ̀ jóná. Dókítà ní bí kì í bá ṣe omi yẹn, mi ò bá má dé ọsibítù láàyè.

Ọdún méjì ni mo fi ń sáré kọjá níwájú páànù ìyá yìí. Orin ìyìn ń dún létí mi, mi ò sì dúró kí i rí. Mo kàn máa ń juwọ́ sí i ni.

Òru ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúpẹ́ sí jù. Ìtọ̀ mi dúró. Díẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde dúdú bí àgbo. Dókítà ní ooru ti ba iṣan ara mi jẹ́, ohun tó tú jáde lára iṣan ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, òun ló lọ há mọ́ kídìnrín lọ́rùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí nǹkan ò yí padà, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù. Mò ń gbọ́ ohùn ọkọ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí owó. Wọ́n ti fi rọ́bà sí mi lára, àpò ìtọ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ni mò ń wò látòru. Ẹ̀kán kan. Kò sí mọ́. Mo wá ẹsẹ Bíbélì tí màá dì mú, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ lórí mi. "Jésù" nìkan ló kù lẹ́nu mi.

Ládàánì ń pe ìrun àsùbáà lọ́wọ́ nígbà tí àpò náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó bú sẹ́kún. Mo ti jẹ́rìí owó rí, mo ti jẹ́rìí ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, lónìí ìtọ̀ ni mò ń jẹ́rìí. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé ẹ̀yìn láàárọ̀ yìí tí ẹ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dúpẹ́.

Ọjọ́ kẹta, àgbà ìjọ kan wá bẹ̀ mí wò. Kò tíì jókòó tó fi ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré, pé mo já ààwẹ̀ kó tó pé, pé omi tí wọ́n fà sí mi lára ni Èṣù fi ríbi wọlé. Àgbà ni yín sà, mo kúnlẹ̀ kí n tó fèsì. Ẹ ṣí Àwọn Ọba Kìíní, orí 18 sí 19. Èlíjà sáré ṣáájú kẹ̀kẹ́ ẹṣin Áhábù títí dé Jésíréélì. Kò pẹ́ sí i, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ní aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tí Ọlọ́run rán sí i ò bá a wí rárá, àkàrà tí wọ́n dín lórí ẹ̀yín iná àti omi ló gbé síwájú rẹ̀. Ó jẹ, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún padà wá, ó ní kó dìde jẹun, ọ̀nà jìn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá tún fẹ́ lọ kí aláìsàn, ẹ gbé nǹkan dání.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ̀jẹ̀ yẹn wà lára mi. Pọ́ọ̀lù ní òun ti ja ìjà rere, òun sì ti parí iré ìje. Ó dárúkọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi pa wọ́n pọ̀. Àwọn tó ní abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta ò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò sáré, àwọn ni mò ń bá jìjàkadì láràárọ̀, tí mo ń pè é ní ìje. Ẹ wo Kipchoge, ọmọ Kenya, ní Vienna, ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wàrà 2019. Ó sá kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Asáré 41 ló ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn láti sá yí i ká, wọ́n ń gba atẹ́gùn fún un, wọ́n sì ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ohun mímu bá a. Nítorí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò kà á mọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé. Mo ti wo fídíò náà láìmọye ìgbà, aago nìkan ni mò ń wò. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo tó rí àwọn 41 yẹn.

Ìrìn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà mí láyè láti máa rìn. Láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí kànga, ọkọ mi di apá mi mú. Aísáyà 40:31 sọ pé wọ́n á fò bí idì, wọ́n á sáré, wọ́n á rìn, ìrìn ló sì fi kásẹ̀ rẹ̀. Mo ti ń ka ẹsẹ yẹn láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, eré ni mo máa ń pariwo.

Ìdúpẹ́ wa bọ́ sí Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Kò sí aṣọ ẹbí, ẹ wọ ohun tí ẹ ní. Ìyá alákàrà ní òun ń bọ̀, òun á jókòó sábẹ́ máńgòrò níta kí òun lè gbọ́ nígbà tí wọ́n bá dárúkọ mi.

Àárọ̀ yìí ni mo tún sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti yọ nǹkan etí mi láti ọ̀nà jíjìn, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fi àkàrà méjì lé mi lọ́wọ́, ó fi eyín ya ọ̀rá omi kan, ó ní mi ò kọjá níbẹ̀ àyàfi tí òun bá rí i pé ó tán. Mo mu ún tán lójú rẹ̀. Ó tún ya èkejì.