Owó Tí A Fi Ń Tọrẹ, Owó Tí A Fi Ń Ṣòwò, àti Ìlera Àwọn Ènìyàn Wa

Ẹ̀yin ará Ọ̀kun, ọmọ Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, nílé lóko, mo kí yín o. Nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan láàrin wa bá fẹ́ dá owó jọ nítorí ìlera, ìbáà jẹ́ ní Kàbbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni ilé kíkọ́: ká fi yàrá ìgbẹ̀bí kún ilé ìwòsàn, ká ra ibùsùn, ká tún òrùlé ṣe. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ iye ẹ̀mí tí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní Ẹ̀gbẹ̀ ti gbà là kò ní sọ pé ilé ìwòsàn kò ṣe pàtàkì. Síbẹ̀, ibòmíràn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn tó ń gbé àwọn ènìyàn wa dé ọ̀dọ̀ dókítà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni owó wa kì í sábà dé. Ohun kejì tó ń dùn mí ni pé díẹ̀ báyìí nínú owó wa ni à ń fi tọrẹ. Èyí tó pọ̀ jù wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nínú owó ìfẹ̀yìntì, nínú ilẹ̀ àti nínú òwò, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ohun tí owó yẹn ń ṣe sí ara ọmọlàkejì.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé abẹ́ àtíbàbà kan tí wọ́n ti ń yan gàrí ní ẹ̀yìn odi Ìsánlú. Agbada ńlá kan wà lórí ààrò amọ̀ tí wọ́n dí yíká, tí èéfín kò ní ọ̀nà àbájáde kankan àyàfi ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ki igi bọ̀ ọ́. Igi tútù ni wọ́n ń dá nígbà púpọ̀, nítorí igi gbígbẹ ti di ohun tí à ń fowó rà. Obìnrin tó ń yan gàrí náà dúró ti agbada, ó ń fi àfọ́kù igbá yí i lọ yí i bọ̀ kí ó má baà jóná, ojú rẹ̀ pọ́n, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí orí ọmọ náà bọ́ sí ojú ọ̀nà èéfín gan-an. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ìbátan mi, jókòó nítòsí, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Òun ló wí fún mi pé, “Ọmọ mi, ikọ́ ọmọ yìí kì í tán. Bí a bá ra oògùn lọ́dọ̀ oníkẹ́mísìì, á lọ. Ọjọ́ tí a bá tún yan gàrí ni ó ń padà dé.”

Ìyá yìí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ó ti sọ ohun tí àwọn onímọ̀ fi ọdún púpọ̀ wádìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ohun ìdáná inú ilé ló fa ikú ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020, tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn sì lé ní 237,000. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe so kọ́ra. Obìnrin náà kò lè kọ́ ààrò tó ní ihò èéfín nítorí èrè orí gàrí kò tó nǹkan. Èrè kò tó nǹkan nítorí oníbàárà tó ń gbé ọkọ̀ wá láti Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́ja ló ń dá iye lé e. Oníbàárà náà sì ń yọ owó táyà àti owó epo kúrò nínú iye tó fẹ́ san nítorí ọ̀nà ti bà jẹ́. Dókítà lè wo ikọ́ ọmọ náà sàn dáadáa, ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà kan náà ni ọmọ náà ń padà sí.

Láti ọdún 1967 ni àwọn olùwádìí ti ń tẹ̀ lé ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London, nínú ìwádìí tí Michael Marmot, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá di gbajúmọ̀ nípasẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ebi ń pa nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, gbogbo wọn ló sì ní àǹfààní láti rí dókítà lọ́fẹ̀ẹ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ikú láàrin àwọn tí ipò wọn rẹlẹ̀ jù tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí ipò wọn ga jù. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 2005 láti wo ohun tó ń fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, Marmot ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀. Ìjábọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2008 sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí, ibi tó ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe àti ọwọ́ tí ìjọba àti àwùjọ fi ń mú un ló ń pinnu bí ẹ̀mí rẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ìwádìí ìjọba ti 2018 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún kan ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Ikú yìí láàrin ọmọ àwọn tálákà jù lọ sì lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ. Ìṣẹ́ wà nínú àwọn ohun tó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Nítorí náà, bí owó ìrànwọ́ bá wá, yálà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ni o, tàbí láti ọwọ́ àjọ ńlá, orísun àìsàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ darí rẹ̀ sí: omi tó mọ́ ní àwọn abà Bùnú, ọ̀nà tí aboyún lè gbà kọjá lóru nínú òjò, àti owó ilé ìwé ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò ní kíláàsì. Ìnáwó ìṣègùn pàápàá ń sọ ènìyàn di tálákà ní tirẹ̀. Nínú gbogbo owó tí à ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde ní tààrà. Òfin Ìlera ti 2014 pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé. Ẹ̀tọ́ wa ni láti máa béèrè ibi tí ìpín tiwa dé.

Ohun kan wà tí mi ò lè ṣàì sọ nípa owó ẹ̀bùn. Ó máa ń tán. Ẹ rìn yíká àwọn ìletò wa, ẹ ó rí kànga ẹ̀rọ tí irin rẹ̀ ti dípẹtà, tí àwọn obìnrin sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí odò. Wọ́n ti fi ijó àti ìlù ṣí i nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi owó àtúnṣe sílẹ̀, kò sì sí ọ̀dọ́ kan tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀bùn tí kò bá ní owó àtúnṣe nínú kò tíì pé.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìdókòwò ti wọlé. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1969 ló bí ètò tó ń béèrè pé kí àwọn àjọ tí olówó dá sílẹ̀ láti máa ṣe ìrànwọ́ ná nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun ìní wọn lọ́dọọdún. Ibo wá ni ìdá 95 yòókù wà? Ó wà lẹ́nu òwò, ó ń bí owó. Àjọ kan lè máa fi ìdá márùn-ún tọ́jú àwọn tí èéfín ilé-iṣẹ́ kan ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́, kí ìdá 95 sì jẹ́ ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ náà gan-an. Àwọn kan ti rí i pé èyí kò bójú mu. Láti 1968 ni Ford Foundation ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn aláìní lówó ní èlé kékeré, tí wọ́n ń gbà á padà tí wọ́n sì ń yá ẹlòmíràn. Ní 2017 ni wọ́n sì pinnu láti fi tó bílíọ̀nù kan dọ́là nínú àpò ìdókòwò wọn, láàrin ọdún mẹ́wàá, ṣe òwò tí yóò mú èrè wá tí yóò sì tún ṣe àwùjọ lóore, bíi kíkọ́ ilé tí apá mẹ̀kúnnù ká. Àpò owó ìfẹ̀yìntì ilẹ̀ Norway ti ta ìpín rẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe tábà láti nǹkan bí 2010.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Wúrà wà nínú ilẹ̀ Yàgbà, àwọn ènìyàn sì ń wà á. Ní 2010, àwọn ará Zamfara ń fọ́ òkúta wúrà nínú àgbàlá ilé wọn. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì pa ọmọdé tó tó 400 láàrin oṣù díẹ̀. Kò sí ẹni tó gbèrò ibi sí àwọn ọmọ yẹn. Àwọn tó ra wúrà náà kàn ra wúrà ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ fi owó sí ìwakùsà nílé, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, bóyá ó jìnnà sí odò àti sí ilé, kí ó sì béèrè bóyá àdéhùn ìdàgbàsókè tí òfin ìwakùsà ti 2007 là sílẹ̀ láàrin ilé-iṣẹ́ àti ìlú wà ní àkọsílẹ̀. Àwọn baálẹ̀ wa gbọ́dọ̀ rí ìwé náà kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni láyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Lọ́kọ́ja àti ní Àbújá lè béèrè ohun tí wọ́n ń fi owó ìfẹ̀yìntì yín ṣe, nítorí láti 2020 ni òṣìṣẹ́ ti lè gbé owó rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ alámòójútó kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kí á fi ṣòwò. Omi mímu fún abà tí kò ní ju ìdílé díẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìtọ́jú aboyún tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ẹ̀bùn ni kí wọ́n jẹ́ títí láé, ẹni tó bá sì fẹ́ gba èlé lórí wọn ń fi ìyà kún ìyà ni. Àmọ́ ààrò tó ní ihò èéfín, ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ àti ọkọ̀ tí àwọn obìnrin lè fi gbé gàrí wọn dé ọjà ńlá fúnra wọn jẹ́ ohun tó lè san owó ara rẹ̀ padà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti fi ṣe òkú àgbà àti láti fi ra mọ́tò, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀. Mo gbà pé yíyá àwọn tó ń yan gàrí lówó sàn ju méjèèjì lọ.

Nítorí náà, nígbà tí gbogbo wa bá padà wálé ní Kérésìmesì fún ìpàdé ọdún, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pàṣẹ fún akápò rẹ̀ láti ka ìṣirò owó ní ọ̀nà méjì: kí ó ka ohun tí a fi tọrẹ àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ó sì ka ibi tí owó ìfipamọ́ wa wà àti ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a yọ ìdá kan nínú owó ìfipamọ́ náà fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alágàrí ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa ṣe onídùúró fún ara wọn, kí èlé rẹ̀ má ju owó ìwé àkọsílẹ̀ lọ, kí sísan padà má sì bẹ̀rẹ̀ títí wọn yóò fi ta gàrí àkọ́kọ́ tí wọ́n bá yan lórí ààrò tuntun náà.