Bó bá ti wá sí ọ lọ́kàn, ká ìgbòkun: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lójú òkun

"Òkun kì í hó ruru, ká wà á ruru." Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, àmọ́ ìgbà tí èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì wọ ọkọ̀ onígbòkun la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá ni mo tó mọ̀ pé ìmọ̀ràn gidi ni fún ẹni tó ń tukọ̀.

Erékùṣù Canary la ti ṣíkọ̀. A yà ní Mindelo, ní Cape Verde, ká tó dorí kọ Barbados. Mindelo sí Barbados tó nǹkan bí 2,000 máìlì ojú òkun. Ọjọ́ 16 ló gbà wá. Oṣù Kejìlá la gbéra, torí láti Oṣù Kẹfà títí di òpin Oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì ńlá lápá ibẹ̀. A rò pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti tán nìyẹn. Kò tán.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ dùn. Ẹ̀yìn ni atẹ́gùn ti ń tì wá jẹ́ẹ́jẹ́. Lóru ọjọ́ karùn-ún, èmi ni mo ń ṣọ́nà. Mo rí i pé ìràwọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn wa ti pòórá, àfi bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ dúdú bò wọ́n. Mo ní kí n jí bàbá àwọn ọmọ, ká ká ìgbòkun. Mo tún ní kí n jẹ́ kó sùn díẹ̀ sí i, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀ ni. Àánú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, atẹ́gùn tó wà ní nọ́ọ̀tì 15 (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì ojú òkun kan ní wákàtí kan) ti di 30. Ẹ má pè é ní ìlọ́po méjì lásán o: bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára tó fi ń ti ìgbòkun. Ọkọ̀ yí imú, ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìgbòkun sì fò láti apá kan sí ìkejì, gbàgà! Èmi fúnra mi ni mo ti tú okùn tó yẹ kó dì í mú, tí mi ò tún un so. Ká ní orí ẹnì kan wà lọ́nà ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ǹ bá máa kọ báyìí.

Láti òru yẹn, bó bá ti wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn pé "ṣé ká ká ìgbòkun?", a ó ká a, kò sí àríyànjiyàn. Nírọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti dín in kù, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́ kedere. Eré wa dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n a rí oorun sùn.

Àwòrán ojú ọjọ́ tí à ń gbà láti orí sátẹ́láìtì wúlò, àmọ́ òjò oníjì inú ìkùukùu kan ṣoṣo kéré jù láti hàn nínú rẹ̀. Barometer, ohun èlò tó ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ nǹkan, náà máa ń tan ẹni tuntun: nílẹ̀ olóoru, ó máa ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láìsí ìjì kankan. Ọkọ mi ti fi ìyẹn pa ara rẹ̀ láyà dáadáa.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni pé lẹ́yìn ìjì, atẹ́gùn máa ń kú, ìgbì kì í tètè kú. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyà ń jẹ ọmọ. Àbúrò bì fún ọjọ́ méjì. Ààrin ọkọ̀, nísàlẹ̀, ni a tẹ́ ẹ sí, torí ibẹ̀ ni kì í fì púpọ̀. Omi ṣíbí kọ̀ọ̀kan là ń fún un. Bó bá fẹ́ bì lókè, a ó kọ́kọ́ so okùn ààbò mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la fún níṣẹ́ wíwo ìkùukùu. Lọ́jọ́ kọkànlá, à ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó pariwo pé, "Màmí, ẹ wá wò ó, òjò ti ń já bọ́ lábẹ́ èyí o!" Bàbá rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀, a sáré ká ìgbòkun. Ìkùukùu náà gba ọ̀nà jíjìn kọjá, kò kan wá rárá. Ojú ti ọmọ náà. Ó ní ká má bínú. Bàbá rẹ̀ ní kó ṣáà máa pè wá. Ó tó wákàtí kan ká tó tún ta ìgbòkun, oúnjẹ sì ti tutù.