Oǹdè Injiníà

Ẹ má bi mí ohun tó ń jẹ́ RAID 5, ìyẹn bí a ṣe ń to dísìkì tí à ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí pọ̀, kí iṣẹ́ má bàa ṣòfò bí ọ̀kan nínú wọn bá kú. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí ó fi sú yín. Èyí tí ẹ ò tíì gbọ́ ni ti ọjọ́ owó oṣù.

Dísìkì mẹ́rin ló wà nínú sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ọ́fíìsì; ọ̀kan kú, sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì, píì. Ní ọ́fíìsì wa, tí nǹkan bá ń ké, a kì í bi í pé kí ló ń dùn ún, aṣọ la máa ń wá bò ó. Wọ́n fi tìmùtìmù àga dí i lẹ́nu. Ẹni tí iná pupa rúsúrúsú ara rẹ̀ ń wọ̀ lójú lẹ sítíkà “Mo Ti Borí” mọ́ iná náà gbàgà.

Injiníà wọn wá dé, ìyẹn èmi. Mo ti wo fídíò mọ́jú. Mo ti ra okùn ọrùn-ọwọ́ ní Computer Village, Ìkẹjà, èyí tí kì í jẹ́ kí iná tó fara pamọ́ sára èèyàn ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo dè é mọ́wọ́, mo fi ẹnu kejì rẹ̀ gán ẹsẹ̀ tábìlì.

Tábìlì onígi.

Irin ara sáfà ló yẹ kó gán. Èmi so ara mi mọ́ igi bí àgbò iléyá, mo wá ń mí bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Bàbá Akáńtáǹtì yọjú.

“Injiníà, kí lo so mọ́wọ́ yẹn?”

“Ààbò ni, sà.”

“Ààbò lọ́wọ́ ta ni?”

“Lọ́wọ́ iná tó wà lára mi, sà.”

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù!”

Mo yáa kọjú sí iṣẹ́ mi. Kọ̀ǹpútà ní dísìkì 2 ló kú. Mo kà á: ọ̀kan, èjì. Mo tẹ bọ́tìnì, mo fa apá rẹ̀, mo yọ ọ́ díẹ̀, mo dúró kó yí tán kí n tó fà á jáde, gbogbo rẹ̀ ní ìlànà. Àṣé alààyè ni mò ń ṣe ìsìnkú ẹ̀yẹ fún! Òdo ni sáfà ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà tirẹ̀: 0, 1, 2, 3. Ta ló ń ka nǹkan báyẹn? Bí ìyá alákàrà bá ń kà á bẹ́ẹ̀, ta ni ò ní jẹ ènì?

Dísìkì kan lè kú kí iṣẹ́ má dúró. Tó bá di méjì, ó parí. Píì wá fa ara rẹ̀ gùn: píìììì! Owó oṣù gbogbo wa pòórá lójú kọ̀ǹpútà.

“Mo sọ!” Bàbá Akáńtáǹtì ti káwọ́ lérí. “Mo ní oǹdè yẹn ò dáa!”

Mo yára dá dísìkì náà padà, sáfà ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó pè é ní “foreign”, dísìkì tí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà! Ọ̀rẹ́ mi kan ló tọ́ mi sọ́nà lórí fóònù bí mo ṣe máa gbà á wọlé padà. Nígbà tí mo ṣí “Mo Ti Borí”, òkú gan-an ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú ni sáfà ń to ara rẹ̀ pọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa fọwọ́ sí ìwé ìkìlọ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ so oògùn mọ́ra wọ ọ́fíìsì. Kò mẹ́nu ba dísìkì, ká má tíì sọ ẹni tó lẹ sítíkà. Ó ku díẹ̀ ká ṣíwọ́, ó ránṣẹ́ pè mí.

“Injiníà, ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa. Ààbò ọjọ́sí yẹn, èló ni wọ́n ń tà á?”