Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Orúkọ Mi Ti Padà Sínú Ìwé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọpẹ́. Láti oṣù Karùn-ún tí mo ti gboyè ni mo ti ń wí pé n ó dìde jẹ́rìí, àmọ́ bí mo bá ti gbẹ́nu lé e báyìí, ẹkún ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, mi ò sì fẹ́ kí Olúwa kà mí mọ́ irú wọn.

Nínú ẹbí wa, ti bàbá ni o, ti ìyá ni o, kò sẹ́ni tó wọ yunifásítì rí ṣáájú mi. Ìyá mi ò ka sẹ́kọ́ńdìrì tán. Iṣẹ́ káfíńtà ni Bàbá ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí dòní. Nígbà tí èmi, Ìyá mi àti àbúrò mi kó wá sí Maryland ní Amẹ́ríkà, Bàbá dúró ti Màmá àgbà nílé. Iṣẹ́ alẹ́ ni Ìyá mi ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Bàbá tó wà nílé yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ni mo fẹ́ lọ, ẹ̀rù ba Ìyá mi. Ó ní ṣé ìwé-ẹ̀rí ibẹ̀ á ṣeé fi wáṣẹ́? Bàbá ló dá a lóhùn lórí fóònù: "Ìyá wọn, ṣebí irú ibẹ̀ ni Zik lọ?" Òótọ́ ni. Azikiwe kàwé ní Yunifásítì Howard kó tó lọ gboyè ní Yunifásítì Lincoln, ní Pennsylvania, lọ́dún 1930, ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú sì ni méjèèjì. Lincoln yẹn náà ni Nkrumah lọ. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo wá mọ̀ pé láyé ẹrú, òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n kọ́ ẹrú níwèé. Cheyney, ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú tó ṣáájú gbogbo wọn, ti wà láti 1837, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ogun tó tú ẹrú sílẹ̀ ní 1865 ni wọ́n dá ọ̀pọ̀ tó kù sílẹ̀. Níbòmíì, àwọn tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀wé ló fi ọwọ́ ara wọn gbé bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Tí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àtijọ́ tó wà lọ́gbà wa, mo máa ń fọwọ́ kan ògiri rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ geere. Tí a bá ń kún FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń tọrọ ìrànwọ́ owó ìjọba, òdo mẹ́sàn-án la máa ń kọ síbi nọ́ńbà Social Security Bàbá, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ènìyàn, torí kò ní. Ìyá mi á fọwọ́ sí i, ó parí. Àfi bí wọ́n ṣe pààrọ̀ fọ́ọ̀mù náà. Oṣù Kẹwàá ló máa ń jáde tẹ́lẹ̀. Èyí tuntun yìí, ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kejìlá 2023 ni. Bàbá gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, fọ́ọ̀mù kò sì kọ́kọ́ gba ẹni tí kò ní nọ́ńbà yẹn wọlé. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún ní kó fi ẹ̀rí hàn pé òun ni. Bàbá mi lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ó fi páspọ́ọ̀tù ránṣẹ́. Wọn ò dáhùn. Ó tún lọ. Ó á pè wọ́n láti Ògbómọ̀ṣọ́, orin ni wọ́n á máa kọ sí i létí títí káàdì á fi tán. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí tí a lè bi léèrè.

Ìyẹn ni owó Pell mi, owó ìrànwọ́ ìjọba tí FAFSA ń mú wá, ò ṣe wọlé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé ọgọ́sàn-án dọ́là ni mo jẹ ilé-ẹ̀kọ́. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Friday, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án 2024, ọdún àṣekágbá mi, wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Kọ́ọ̀sì márùn-ún ló wà lójú fóònù mi láàárọ̀. Nígbà tí mo tún ṣí i, òfìfo ni. Káàdì oúnjẹ mi náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ilẹ̀ yàrá ọ̀rẹ́ mi ni mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ wá wo ohun tí Olúwa fi ènìyàn ṣe. Màmá kan tó ń bu oúnjẹ rí i pé ọjọ́ méjì ni mi ò ti wá. Lọ́jọ́ kẹta, ó dúró dè mí lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé adìẹ àti ìrẹsì tó fi fọ́ìlì wé lé mi lọ́wọ́, ó gbóná débi pé mo ní láti máa gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ló ṣe é. Olùkọ́ mi kan ní kí n máa wá jókòó sí kíláàsì. Ó ń máàkì ìdánwò mi, ó ń tò ó sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ de ọjọ́ tí orúkọ mi á padà.

Àwọn obìnrin méjìlá ló ń dá àjọ níbi iṣẹ́ Ìyá mi. Oṣù Kejì ló kàn án. Obìnrin ará Jàmáíkà tí ti oṣù Kẹsàn-án jẹ́ tirẹ̀ ló ní, "Gba tèmi, ọmọ rẹ ò gbọdọ̀ dúró." Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là! Ìyá mi ṣì wọṣọ iṣẹ́ nígbà tó ń kà á lórí tábìlì, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjọ wa dá 1,400. Ẹgbẹ́ àwọn tó ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ wa san 1,780 tó kù, wọn ò mọ̀ mí rí. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, orúkọ mi padà, olùkọ́ mi sì ṣí dúrọ́ọ̀.

Oṣù Kọkànlá ni owó Pell tó dé, a sì dá owó àjọ padà fún obìnrin ará Jàmáíkà náà. Mo gboyè lóṣù Karùn-ún 2025. Ìyá mi wé gèlè aṣọ òkè rẹ̀, ó ń ké orúkọ mi ní kíkún láàárín èrò. Bàbá ń wò wá lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kí wọ́n má pa jẹnẹrétọ̀. Màmá oúnjẹ yẹn náà wá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, kì í ṣe ìkúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ oyè lọ́rùn mi.

Àbúrò mi ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà lóṣù Kẹjọ. Èmi àti Bàbá la jọ kún fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lórí fóònù. Ó ti kọ páswọ́ọ̀dù àkáǹtì yẹn sẹ́yìn Bíbélì rẹ̀, ó ń kà á fún mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà la parí rẹ̀.