Kí ẹ tó kó ọmọ ẹja sínú ọ̀sà, ẹ kọ́kọ́ mọ omi tí ẹ fẹ́ bá lò

Ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹja sísìn nínú ọ̀sà máa ń bi mí jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi ọ̀dọ̀ yín dára?" Etí ọ̀sà Èkó ni wọ́n bí mi sí, lápá Ìkòròdú, iṣẹ́ ẹja ni mo sì fi ń jẹun, síbẹ̀ n kì í lè dáhùn ìbéèrè yẹn bẹ́ẹ̀. Omi oṣù wo? Ti ìdájí ni àbí ti ọ̀sán? Ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀? Odò Ògùn ń tú omi òjò sínú ọ̀sà yìí, Odò Ọ̀ṣun ń tú tirẹ̀ wá láti apá ìlà-oòrùn, òkun náà sì ń gba ẹnu Èkó wọlé, láàrin ògiri òkúta méjì tí wọ́n ń pè ní East Mole àti West Mole. Àwọn omi wọ̀nyí kì í yé ti ara wọn síwá sẹ́yìn, ibi tí wọ́n bá sì ti ara wọn dé lónìí ló ń sọ irú ẹja tó máa yè níbẹ̀.

Iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó tó gíráàmù 35 nínú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò ti dáwọ́ dúró tí àwọn odò sì ti fà, òkun máa ń rí àyè wọlé dáadáa. Iyọ̀ ọ̀sà nítòsí Èkó lè ju gíráàmù 20 lọ nínú lítà kan nígbà náà. Tí òjò bá wá dé gidi ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, tó tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, odò á kún, á ti òkun sẹ́yìn, omi ibì kan náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ mọ́ rárá. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sókè sí Ẹ̀pẹ́ ni iyọ̀ ń dín kù. Ọ̀sà Lẹ́kí tó wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ kì í níyọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún.

Torí náà ni mo ṣe máa ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má wo omi oṣù kẹsàn-án ra ọmọ ẹja. Àrọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mọ̀, torí òun ni wọ́n ń sìn nínú táǹkì nílé, ẹja omi tí kò níyọ̀ sì ni àrọ̀. Yóò jẹun, yóò dàgbà ní ìgbà òjò. Nígbà tí iyọ̀ bá wá ń gòkè lẹ́yìn ọdún tuntun, ẹ ó rí i pé kò jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ á máa rẹ̀ ẹ́, àrùn kékeré á sì gbé e lọ. Agbára tó yẹ kó fi dàgbà ló ń ná sórí bí iyọ̀ kò ṣe ní bo ara rẹ̀. Èpìyà ọ̀sà tiwa, èyí tó dúdú lábẹ́ àgbọ̀n, kò ní wàhálà yẹn. Ó lè gbé nínú omi tí kò níyọ̀, ó sì lè gbé nínú èyí tó níyọ̀ bíi ti òkun. (Akọ rẹ̀ ló ń fi ẹnu gbé ẹyin títí tí wọ́n á fi pa. Ẹja yẹn máa ń wú mi lórí gan-an.) Lóòótọ́, kì í yára tóbi bí èpìyà tí wọ́n ń sìn nínú adágún, ṣùgbọ́n èmi mọ èyí tí mo lè fọkàn tán nínú oṣù kẹta.

Ohun kejì le láti rí lójú. Omi iyọ̀ wúwo ju omi òjò lọ. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé níbi tó jìn, omi òjò á wà lókè, omi iyọ̀ á rá gba ìsàlẹ̀ wọlé. Àgbà apẹja kan ládùúgbò wa ló fi èyí hàn mí. Bàbá náà mú ìgò ọlọ́rùn tóóró kan, wọ́n so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n fi okùn kan so ọrùn ìgò, wọ́n fi okùn tín-ínrín so kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí i. Wọ́n sọ ìgò náà sómi títí òkúta fi kanlẹ̀, wọ́n sì fa okùn tín-ínrín náà gbọn-ọ́n. Kọ́ọ̀kì yọ, afẹ́fẹ́ ń hó wá sókè lójú omi. Nígbà tí híhó náà dáwọ́ dúró, wọ́n fa ìgò sókè. Wọ́n ní kí n fi ahọ́n kan omi òkè, lẹ́yìn náà kí n kan ti inú ìgò. Tòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní adùn kankan, ti inú ìgò ta mí lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìsàlẹ̀ ni òbòkún tí mò ń wá ń gbé. Kí ni n ó wá fi omi òkè ṣe?"

N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó máa tọ́ omi ọ̀sà wò lónìí o, pẹ̀lú ìdọ̀tí tí à ń dà sí i. Refractometer, irinṣẹ́ kékeré tó ń wọn iyọ̀ inú omi, ni mò ń lò. Ẹ kán omi díẹ̀ sórí gíláàsì rẹ̀, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ yọjú wo inú rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ìlà dúró. Ṣùgbọ́n ìgò bàbá yẹn náà ni mo ṣì fi ń fa omi láti ìsàlẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé òkun ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Òṣùpá ló ń tẹ̀ lé, nítorí náà àsìkò rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń wọn omi ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lójoojúmọ́ yóò rò pé ohun kan náà lòun ń wọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé omi òkun ló wọ̀n lónìí, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, omi odò ni. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yín: omi ń wọlé, tàbí omi ń fà.

Iyọ̀ ń pa ẹja díẹ̀díẹ̀. Àìsí ọ́síjìn lè pa gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i, tí iyọ̀ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, ni ọ́síjìn tó lè gbà mọ́ra ń dín kù. Nígbà tí ooru bá jẹ́ 30 lórí ìwọ̀n Celsius, lítà omi tí kò níyọ̀ kò gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 7.5 lọ, ti omi òkun kò ju 6.2. Ẹja fẹ́ tó 5 kí ara tó tù ú. Tó bá ti wálẹ̀ sí 2, ọ̀pọ̀ wọn ń jà fún ẹ̀mí wọn nìyẹn. Lọ́sàn-án, àwọn ewé wẹ́wẹ́ inú omi ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ọ́síjìn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọn kò lè ṣe é mọ́, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú omi sì ń mí. Ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ló máa ń kéré jù. Ẹ wo ẹja yín nígbà yẹn. Bí wọ́n bá kóra jọ sókè, tí wọ́n ń ya ẹnu lójú omi, tí akàn sì ń gun okùn àwọ̀n bọ̀ wá sókè, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tán.

Níbi tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ẹnì kan da oògùn sómi. Mo ti rí ìjà tó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọmọ ìyá méjì nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mí, torí ewéko jíjẹrà ló kún abẹ́ àwọ̀n wọn. Ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó yẹn (water hyacinth), láti apá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló gba ojú omi Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà ní 1984. Omi òjò ló ń gbé e wá. Kì í lè fara da iyọ̀, nítorí náà bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé tí òkun sì ń padà bọ̀, yóò kú, yóò rì, yóò máa jẹrà, jíjẹrà rẹ̀ a sì máa gba ọ́síjìn ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyẹ̀fun pákó ṣe ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú létí omi. Ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá ni èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn. Gbogbo ewéko tó bá ti wọ́ sábẹ́ àgò ẹja, ìyẹn àwọ̀n tí a fi há ẹja mọ́ inú omi, ni mo máa ń fà jáde kó tó rì.

Ẹrẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Amọ̀ tó lúbúlúbú ni odò ń gbé bọ̀. Kété tó bá kan omi iyọ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ra, yóò sì rì, gẹ́gẹ́ bí álọ́ọ̀mù ṣe ń mú omi kòtò tòrò nínú ìkòkò. Ibi tí odò àti òkun ti ń pàdé ló fi kún fún ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ẹ fà á yọ, ẹ wò ó. Bí òkè ẹrẹ̀ náà bá pọ́n, tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló dúdú, ibẹ̀ ṣì ń mí. Bó bá dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ gbé àgò yín kúrò níbẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá gbé e sí, ẹ jẹ́ kí ìdí àwọ̀n fi ó kéré tán mítà kan jìnnà sí ẹrẹ̀ nígbà tí omi bá fà jù.

Fún ìmọ́lẹ̀, àwo funfun tí a so mọ́ okùn tó. Ẹ sọ ọ́ sómi, ẹ wọn ibi tó ti pòórá lójú yín. Àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1865, ó sì ṣì wúlò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn, àwo náà kì í pẹ́ pòórá, àwọn ewé wẹ́wẹ́ kì í sì rí oòrùn gbà.

Ẹni tó bá rò pé mo ń sọ àsọdùn nípa ẹnu òkun, kó béèrè ọ̀rọ̀ Kútọnu. Ní 1885, àwọn Faransé gbẹ́ ọ̀nà omi níbẹ̀ láti dín àkúnya kù. Òkun gba ibẹ̀ wọ ọ̀sà Nokoué, iyọ̀ sì dé ibi tí kì í dé tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá lè mú sùúrù, ẹ wọn omi yín fún odidi ọdún kan, òkè àti ìsàlẹ̀, ìdájí àti ọ̀sán, kí ẹ tó ra ọmọ ẹja kankan. Bí owó ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ra èyí tó ń wọn ọ́síjìn. Èèyàn ṣì lè béèrè ọ̀rọ̀ iyọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà apẹja, wọ́n á sọ bó ṣe ń lọ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ iye ọ́síjìn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ ra èyí tí okùn rẹ̀ gùn dé ìsàlẹ̀ omi yín, kí ẹ sì máa fi omi mímọ́ ṣan orí rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti lò ó, torí iyọ̀ máa ń tètè bà á jẹ́.