Ẹrù Ilé Títúnṣe, ní Nàìjíríà àti ní Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìgbé ayé Nàìjíríà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti pínyà, ẹ tún ilé ṣe ní ibi méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹrù ni yóò kọ́kọ́ fi hàn yín: ta ni yóò gbé e, ta ni yóò sì dáhùn fún un bó bá já bọ́ lójú ọ̀nà?

Nílé, onílé kì í fọwọ́ kan ẹrù. Ẹ pe onítípà, ó da yanrìn sẹ́nu géètì. Àwọn tó ń gún búlọ́ọ̀kù á fi ọkọ̀ tiwọn gbé e wá, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ á já a kalẹ̀. Bíríkìlà á mú lébírà tirẹ̀ dání. Àwókù ògiri tí ẹ fọ́ ńkọ́? Aládùúgbò kan á tọrọ rẹ̀ láti fi dí kòtò iwájú ilé rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọlọ́mọlanke á kó o lọ. Mo dúró ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì nílò láti mọ ìwọ̀n ohunkóhun nínú rẹ̀. Tírípù la fi ń ra yanrìn, àpò la fi ń ka sìmẹ́ǹtì. Kílò 50 wà lára àpò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé e lórí nìkan ló mọ bó ṣe wúwo tó.

Ní Gẹ̀ẹ́sì níbí, owó iṣẹ́ ọwọ́ wọ́n, nítorí náà onílé fúnra rẹ̀ ló ń kó ẹrù. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, akọ̀wé báǹkì, gbogbo wọn ni ẹ máa rí lópin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n so tírélà kékeré, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ẹni tó bá ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lè fa tírélà tí àpapọ̀ òun àti ẹrù rẹ̀ kò ju kílò 3,500 lọ, láìṣe ìdánwò mìíràn. Láísẹ́ǹsì Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń sọ o. Ti Nàìjíríà, oṣù 12 ni ẹ lè fi wakọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti di olùgbé, lẹ́yìn náà ẹ ó ṣe ìdánwò tiwọn.

Ìjọba gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ṣírò. Tírélà tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju kílò 750 lọ pẹ̀lú ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀ tó ń fà á. Èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì ni ẹ ó tẹ̀ lé. Nísinsìnyí, ẹ wo àpò yanrìn ńlá tí kíréènì máa ń gbé sílẹ̀: kílò bíi 800 ni. Ẹyọ àpò kan péré ti kọjá òfin kí a tó ka irin tírélà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sára gbogbo nǹkan.

Bí ẹrù ṣe jókòó náà ṣe pàtàkì. Ó yẹ kó wúwo síwájú táyà díẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìrù lójú eré, ó sì lè fa ọkọ̀ kúrò lọ́nà. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí eré, ẹ di sítíárìn mú gírí, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì lójijì. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ẹni tó ń fa tírélà má ju máìlì 60 ní wákàtí kan lọ lórí mótòwéè, àti 50 lójú ọ̀nà kékeré tó gba eré. Nọ́ńbà ọkọ̀ yín gan-an ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn tírélà, iná ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa tàn.

Rífáàsì ló jẹ́ kí àárò ilé sọ mí jù. Ní Nàìjíríà, kò sí awakọ̀ tó ń dá rífáàsì ṣe. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á ti bẹ́ sílẹ̀: “Máa bọ̀, máa bọ̀! Gé e sọ́tùn-ún! Ná an! Ó tó!” Kódà ẹni tó ń kọjá lọ á dúró bá yín pàṣẹ. Níbí, ẹ̀yin àti dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni. Ẹ yí sítíárìn sósì, tírélà á lọ sọ́tùn-ún. Tírélà kúkúrú tún le ju gígùn lọ, nítorí kíá ló máa ń ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ̀gbọ́n kan láti Nàìjíríà tó ti ń wa ọkọ̀ ẹrù níbí tipẹ́ ló mú mi lọ sí gbàgede òfìfo láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó ní, “Àbúrò, fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ sítíárìn mú. Ibi tí o bá fẹ́ kí tírélà lọ, ibẹ̀ ni kí o gbé ọwọ́ náà lọ. Rọra ṣe é. Bó bá ti ń ṣẹ́, fà á síwájú, kí o tún un mú.” Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ tó yé mi.

Mo fẹ́ràn ariwo àti ìrànlọ́wọ́ ilé. Síbẹ̀, mi ò lè gbàgbé kọ̀ǹténà tó já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gbà ní ọdún 2015, tó sì pa èèyàn. Òfin wà ní Nàìjíríà lòdì sí ẹrù àpọ̀jù, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì ń mú èèyàn lórí rẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé ẹni tó ni ẹrù kì í ka ọ̀rọ̀ náà sí tirẹ̀. Níbí, bí tírélà bá ní bíréèkì, okùn irin kan wà tí yóò fa bíréèkì náà bó bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Èmi ni mo ń fi kọ́, èmi ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kan kù fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ káńsù ló ń béèrè ìwé àṣẹ kí ẹ tó gbé tírélà wọ ààtàn wọn, òmíràn kì í gba èyí tó bá gùn jù, àwókù ògiri sì lè ní òfin tirẹ̀. Ẹ wo ìkànnì káńsù yín kí ẹ tó di ẹrù.